Okùn, Òkúta àti Òtítọ́

A ti wàásù púpọ̀ láyé wa. Lónìí, okùn àti òkúta ni a ó fi kọ́ ẹ̀kọ́, irú èyí tí òbí lè bá ọmọ ṣe nínú ilé.

Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, olùkọ́ físíìsì fún àwa mẹ́ta ní okùn, òkúta kékeré kan àti àgádágodo. Ó ní kí á so wọ́n rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa fì síwá sẹ́yìn bí ọmọdé lórí jáńgílọ́fà, kí á sì fi aago wọn àkókò wọn. Ohun tí ń fì báyìí ni à ń pè ní pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù. A wọn ti òkúta. Nígbà tí ó kan àgádágodo, a kò wulẹ̀ ṣe wàhálà: ó dá wa lójú pé ohun tí ó wúwo ni yóò yára jù, a sì kọ iye tí ó kéré sílẹ̀. Olùkọ́ wò ó, ó ní, “Ẹ tún un ṣe lójú mi.” A tún un ṣe, àkókò àgádágodo kò yàtọ̀ sí ti òkúta. Kò nà wá. Ó kàn wí pé, “Ohun tí ẹ rò ni ẹ kọ, ẹ kò kọ ohun tí ẹ rí.” Ìtìjú ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára wa.

Ẹ jẹ́ kí á jọ tún un ṣe. Ẹ kan ìṣó mọ́ àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn, kí ẹ sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so òkúta rọ̀ sórí rẹ̀. Láti ìdí ìṣó dé àárín òkúta, kí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25. Ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n ìbú ìka mẹ́ta, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ láìtì í. Àlọ àti àbọ̀ ni ẹyọ kan. Nígbà tí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, “òdo” ni kí ẹ pè. Ọ̀pọ̀ ọmọ a máa pe “ení” níbẹ̀, ìṣirò wọn a sì wọ́. Ẹ kà á dé 20. Aago yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 hàn. A ń ka 20 nítorí pé ọwọ́ ẹni lè yá jù tàbí kí ó pẹ́ jù lórí aago. Bí a bá pín àṣìṣe náà sí ogún, díẹ̀ ni yóò kan ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi àgádágodo rọ́pò òkúta, kí ìwọ̀n dé àárín rẹ̀ ṣì jẹ́ 25: ìṣẹ́jú àáyá 20 náà ni. Lóòótọ́ ni ilẹ̀ ń fa ohun tí ó wúwo jù, ṣùgbọ́n òun náà ni ó ṣòro jù láti sún. Ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ẹ fà á ní ìbú ìka méjì péré: kò sí ìyàtọ̀ tí aago yín lè rí. Bí ẹ bá fà á jìnnà gan-an nìkan ni àkókò yóò gùn díẹ̀.

Ó ku gígùn okùn. Ẹ bi ọmọ yín pé, bí ó bá di sẹ̀ǹtímítà 50, èló ni àkókò yóò jẹ́? Ọ̀pọ̀ yóò ní 40. Ẹ kà á: nǹkan bí 28 ni. Kí ó tó di 40, okùn ní láti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 100. Kí àkókò tó di ìlọ́po méjì, okùn gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin.

Galileo ará Ítálì wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1656, Huygens ará Holland fi pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù ṣe aago. Ní 1672, Jean Richer ará Faransé lọ sí Cayenne ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ìlú tí kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, gẹ́gẹ́ bí Ìbẹ̀fun tiwa. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé aago tí gígùn pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù rẹ̀ péye ní Paris ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ falẹ̀ lójúmọ́. Ó rọrùn láti fi bò. Richer tún un wò fún oṣù mẹ́wàá, ó sì kọ ohun tí ó rí. Nínú ìwé tí Newton tẹ̀ jáde ní 1687, ó lo ẹ̀rí náà láti fi hàn pé ilẹ̀ ayé wú díẹ̀ ní agbedeméjì rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ó fi ń dùn wá pé àwọn ọmọ kan ń wọ gbọ̀ngàn ìdánwò físíìsì láì so okùn kan rọ̀ rí, tí àwọn òbí kan sì ń sanwó kí ẹlòmíràn lè fún ọmọ wọn ní iye tí yóò kọ. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Àwa náà ti kọ iye èké rí. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n èké tí Ìwé Òwe kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀ kò mọ sí ọjà nìkan. Ọmọ tí ó bá kọ́ láti sọ òtítọ́ nípa òkúta, a lè fi owó ìjọ àti owó ìlú lé e lọ́wọ́ lọ́la.

Yàrá ìṣèwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́jáde lè bá ilé-ẹ̀kọ́ tún ṣe dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣó kan àti okùn kò ní kí á dúró de ìdáwó. Ẹ kàn án lálẹ́ òní, kí ọmọ fúnra rẹ̀ kà á. Bí iye rẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí tí a kọ síhìn-ín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pa á rẹ́. Ẹ jọ wá ìdí rẹ̀.

Kí Ọlọ́run bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa.