Òwò Kòkó Nínú Ẹbí: Iṣẹ́ Ọwọ́, Òdodo àti Àkọsílẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ń sọ òjò kalẹ̀, tí Ó sì ń fi í mú irúgbìn hù jáde. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí á páyà Ọlọ́hun nínú oko wa gẹ́gẹ́ bí a ti ń páyà Rẹ̀ nínú mọ́sálásí. Ní Ìdànrè, ní Oǹdó, ní Ifẹ̀ àti ní agbègbè Ìbàdàn, owó kòkó ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa fi kọ́lé, òun náà ni wọ́n fi rìnrìn àjò hájì. Lónìí, àwọn ẹbí kan kò fẹ́ ta hóró kòkó nìkan mọ́. Wọ́n ń yan án, wọ́n ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fún ọ̀rá rẹ̀ kúrò, èyí tí ó tó bí ìdajì hóró, kí ìyókù lè di ìyẹ̀fun tí à ń pò mu. Iṣẹ́ rere ni. Ànábì Dáúdà pàápàá, tòun ti ipò ọba rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń jẹ. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni ẹ̀sìn béèrè lọ́wọ́ irú ẹbí bẹ́ẹ̀.

Èkíní ni òdodo. Kòkó tí a fọ́ yóò wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ 5 sí 6, lẹ́yìn náà ni a ó sá a títí yóò fi gbẹ. Ẹni tí ó bá po tútù mọ́ gbígbẹ kí àpò lè wúwo lórí òṣùwọ̀n, kòkó náà yóò bu, ẹni tí ó rà á ni yóò sì gbé àdánù rẹ̀. Ànábì wa kọjá níbi òkìtì oúnjẹ kan tí wọ́n ń tà, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan omi. Ọlọ́jà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì yọ ẹni tí ń rẹ́ni jẹ kúrò lára àwọn tirẹ̀. Òjò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọlọ́jà náà. Fífi í pamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Èkejì ni àkọsílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi baálé kan ṣe àpẹẹrẹ. Òun ni ó ni ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kó owó òwò rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi ra ẹ̀rọ ìlọkòkó. Ọmọ wọn ọkùnrin ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún 10 láìgba owó oṣù. Kò sí ẹni tí ó sọ bóyá ẹ̀bùn ni owó ìyá, tàbí gbèsè, tàbí ìpín nínú òwò. Ọjọ́ tí baálé bá kú, gbogbo ohun tí à ń pè ní tirẹ̀ ni a ó pín ní ogún. Ìdá 1 nínú 8 ni ti ìyàwó nígbà tí olóògbé bá ní ọmọ. Bí ìyàwó bá sì ju ọ̀kan lọ, ìdá kan yìí náà ni wọn yóò jọ pín. Ẹ̀rọ tí ìyá yìí fi owó ara rẹ̀ rà yóò wá di ohun tí àwọn orogún ń bá a pín. Ẹ̀bi kò sí lára òfin ogún. Ọwọ́ wa ni ẹ̀bi wà, àwa tí a kò ya ohun ìní ẹnìkọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kí ikú tó dé. Súrà Bàkọ́rà, áyà 282, pa á láṣẹ pé kí á kọ gbèsè sílẹ̀, kí á sì pe ẹlẹ́rìí sí i. Ìfẹ́ tí ó wà láàrin tọkọtaya kò pa àṣẹ yìí rẹ́. Ẹ kọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ, owó iṣẹ́ ọmọ, àti bí a ó ṣe pín èrè àti àdánù.

Ẹ̀kẹta ni sàká. Lọ́dọ̀ Ìmáámù Málíkì, ẹni tí a ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ yìí, a kì í yọ sàká lára èso kòkó fúnra rẹ̀. Owó tí a rí níbẹ̀, bí ó bá tó iye wúrà gíráàmù 85, tí ọdún sì yí po lé e lórí, ni a ó yọ ìdá 2.5 nínú 100 lára rẹ̀. Ẹbí tí kò ní ìwé ìṣirò kò lè mọ ìgbà tí ó pé ọdún.

Nítorí náà, kí baálé kọ̀ọ̀kan pe ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ jọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì sì fọwọ́ sí i. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí oko wa, kí Ó má jẹ́ kí ohun tí a jọ fi òógùn kó jọ di ohun tí yóò tú ilé wa ká. Àmín.