Bí A Ṣe Lè Kọ Orúkọ àti Nọ́ńbà Èèyàn Pamọ́ Tí Kò Fi Ní Dàrú

Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbèsè ló fà á. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìyá mi ń ta gàrí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ní Èrúwà níbí, wọ́n wà ní Lánlátẹ̀ àti Igbó-Ọrà, títí dé Abẹ́òkúta. Nínú ìsinmi tó kọjá, fóònù rẹ̀ bọ́ sínú garawa omi, kò sì tàn mọ́. A yọ símù, a fi sínú fóònù mi. Orúkọ tó wà lórí símù kò tó ìdajì, àwọn tó sì wà níbẹ̀, òmíràn ti gé kúrú. Mo rí "Iya Ibeji", mo rí "Iya Ibeji 2", mo tún rí "Iya Ibeji Gar". Ẹ̀yin náà mọ Ìbàràpá wa. Igbó-Ọrà tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì, ìyá ìbejì mélòó ló máa wà níbẹ̀!

Ìyá mi ní kí n pe èyí tó jẹ ẹ́ lówó àpò gàrí mẹ́ta. Mo pe "Iya Ibeji 2". Mo kí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó. Àṣé kì í ṣe òun! Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ẹ sí mi? Èmi ni mo jẹ yín lówó?" Ó gé fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Ìyá mi ní láti wọkọ̀ lọ sí Igbó-Ọrà lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó jẹ gbèsè gan-an ńkọ́? A ò rí i títí òun fúnra rẹ̀ fi pè wá.

Ọjọ́ yẹn ni mo sọ pé mo máa ṣe ìwé orúkọ kan fún ìyá mi lórí kọ̀ǹpútà.

KÍ NI FÁÌLÌ Ọ̀RỌ̀ LÁSÁN?

Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni èyí tí kò ní nǹkan kan nínú ju lẹ́tà, òǹkà àti àmì lọ. Kò ní àwọ̀, kò ní àwòrán. Notepad orí kọ̀ǹpútà lè ṣí i, fóònù náà lè ṣí i. Bí áàpù kan bá kú lọ́la, fáìlì yìí kò ní bá a kú, torí ojú lásán lè kà á, a sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Ṣùgbọ́n ká kàn máa da lẹ́tà sílẹ̀ kò tó. A gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí bí a ó ṣe tò ó: kí ló máa ya orúkọ sọ́tọ̀ kúrò lára nọ́ńbà? Báwo la ó ṣe mọ ibi tí ẹnì kan parí sí? Àdéhùn yẹn ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní format. Èmi á máa pè é ní ìlànà. Àwọn àgbà sì ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: ká wo irú èèyàn tó wà lọ́dọ̀ wa ká tó ṣe ìlànà fún wọn.

ÌGBÌYÀNJÚ KÌÍNÍ: KỌ́MÀ

Mo kọ́kọ́ ṣe é bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe é. Ẹnì kan, ìlà kan; kọ́mà ló ń pín in. CSV ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. (Nọ́ńbà àfiṣàpẹẹrẹ ni gbogbo èyí tí mo lò níbí o, ẹ má pè é!)

Ìyá Ìbejì, 08000000001, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, Igbó-Ọrà

Lójú, ó dáa. Kò pẹ́ tó fi já mi kulẹ̀ lọ́nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, kọ́mà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni kò ní nọ́ńbà ilé. Àpèjúwe la máa ń ṣe, kọ́mà sì máa ń wà nínú àpèjúwe. Nígbà tí mo kọ "ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ilé aláwọ̀ ewé", kọ̀ǹpútà gbà pé nǹkan méjì ni. Àwọn tó ṣe CSV mọ̀ nípa èyí: wọ́n ní kí a fi àmì " " ká irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbàgbé àmì kan ṣoṣo, ohun tó tẹ̀ lé e á dàrú.

Èkejì, nọ́ńbà mélòó lẹnì kan ní? Nítorí nẹ́tíwọ̀kì, ẹlòmíì ní símù méjì tàbí mẹ́ta. Ṣé kí n wá fi àyè mẹ́ta sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, àti ẹni tó ní ẹyọ kan?

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Mo fi Excel ṣí fáìlì náà, ó jẹ òdo iwájú gbogbo nọ́ńbà! 08000000001 di 8000000001. Excel rò pé òǹkà ni. Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe òǹkà o. Ta ló ń ro nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì pọ̀ rí? Orúkọ ni, tí a fi òǹkà kọ.

ÌGBÌYÀNJÚ KEJÌ: ÌLÀ KAN, Ọ̀RỌ̀ KAN

Mo pa ti àkọ́kọ́ tì. Ẹ wo èyí tí mo wá ṣe:

id: 014
oruko: Ìyá Ìbejì
juwe: oníbàárà gàrí, ọmọ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ obìnrin
nomba: +2348000000001
nomba: +2348000000002
ilu: Igbó-Ọrà
ile: ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ilé aláwọ̀ ewé

Òfin mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tí kò nídìí.

1. Àmì : àkọ́kọ́ lórí ìlà ló ń pín ìlà sí méjì. Ohun yòówù tó bá tẹ̀ lé e, ìbáà jẹ́ kọ́mà tàbí : mìíràn, ara ọ̀rọ̀ ni. Wàhálà kọ́mà parí.

2. Ìlà òfìfo kan ló ń ya ẹnì kan kúrò lára ẹnì kejì.

3. A lè kọ irú ìlà kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó ní nọ́ńbà mẹ́rin, kó kọ nomba lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹni tí kò ní, kó fò ó.

4. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234, kí a yọ òdo iwájú kúrò. 234 ni nọ́ńbà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Báyìí, ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní London lè fi nọ́ńbà kan náà pè.

5. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní id tirẹ̀, a kì í sì í gbé id ẹnì kan fún ẹlòmíì láé. Orúkọ lè jọra, id kò gbọ́dọ̀ jọra. Òfin yìí àti ìlà juwe ni ì bá gbà mí lọ́jọ́ tí mo pe ẹni tí kò jẹ gbèsè.

6. Bí kọ̀ǹpútà bá rí irú ìlà tí kò mọ̀, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó má pa á rẹ́. Ẹnì kan lè fi "oja" kún tirẹ̀ lọ́la láti kọ ọjà tí oníbàárà ń rà.

ÀMÌ OHÙN ŃKỌ́?

Ẹ ó rí i pé n kò fi àmì sórí "oruko" àti "nomba". Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí ẹni tí kíbọọ̀dù rẹ̀ kò ní àmì lè tẹ̀ ẹ́ láìṣìṣe. Ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn gan-an gbọ́dọ̀ ní àmì pé. Bí ẹ bá rí "Iya Oko" nínú fóònù, ta ni? Ìyá ọkọ, ìyá oko, àbí ìyá ọkọ̀? Ẹ má lọ fi ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wa ọkọ̀ kí ìyá ọkọ yín o!

Ibí yìí ni UTF-8 ti wọlé. ASCII tí wọ́n ń lò láyé àtijọ́, àyè 128 péré ló ní. Kò sí ẹ, ọ àti ṣ tiwa níbẹ̀. Ní 1992, Ken Thompson àti Rob Pike gbé UTF-8 kalẹ̀, ó sì gba lẹ́tà gbogbo èdè. Nínú rẹ̀, báìtì mẹ́ta ni ẹ ń gbà. Bí ètò kọ̀ǹpútà kan bá ka báìtì mẹ́ta yẹn bí ẹni pé lẹ́tà mẹ́ta ni, ohun tí ẹ máa rí ni áº¹. Bí ẹ bá ti rí irú rẹ̀ rí, fáìlì yín kò bàjẹ́. Ìlànà lẹ́tà tí wọ́n fi ṣí i ni kò bá a mu. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fi fáìlì pamọ́ nínú Notepad, ẹ yan UTF-8.

OHUN TÍ AYÉ TI FẸNU KÒ LÉ

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí wàhálà yìí. vCard ni ìlànà tí fóònù yín ń lò nígbà tí ẹ bá fi orúkọ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́; .vcf ló máa ń gbẹ̀yìn fáìlì rẹ̀. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán lòun náà. Ẹ fi Notepad ṣí ọ̀kan, ẹ ó rí i:

BEGIN:VCARD
VERSION:4.0
FN:Ìyá Ìbejì
TEL:+2348000000001
END:VCARD

Ṣé ẹ rí i pé ó jọ tèmi? Ìlà kan, ọ̀rọ̀ kan, àmì : sì ló pín in. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Nínú vCard 3.0 tó jáde ní 1998, dandan ni ìlà kan tó ń jẹ́ N, tó ń pín orúkọ sí orúkọ ìdílé àti orúkọ ẹni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ ìdílé "Ìyá Ìbejì"? Àwọn tó ṣe é kò ro tiwa mọ́ ọn. Nígbà tí 4.0 jáde ní 2011, wọ́n yọ dandan yẹn kúrò. FN, ìyẹn odindi orúkọ bí a ṣe ń pè é, nìkan ló kù tó pọn dandan. UTF-8 nìkan ni 4.0 sì ń lò. Ìdí nìyí tí mo fi lè yí fáìlì ìyá mi padà sí vCard: oruko di FN, nomba di TEL, juwe di NOTE, id di UID.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: nọ́ńbà èèyàn kì í ṣe tiyín, olówó rẹ̀ ló ni ín. Ẹ má gbé e sójú ìta. Òfin kan tilẹ̀ ti wà lórí ààbò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà láti 2023.

Fáìlì ìyá mi ti pé èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n báyìí. Ọ̀kan wà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan wà nínú fóònù mi, ọ̀kan tí mo tẹ̀ sórí bébà wà nínú ọ̀rá ní ìsọ̀ rẹ̀. Ìyá mi kì í fẹ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí, ó ní, "Bá mi pe nọ́ńbà kẹrìnlá." Ó ti sanwó àpò gàrí méjì, ó ku ọ̀kan.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Fi ìlànà òkè yìí kọ èèyàn márùn-ún nílé yín. Bèèrè lọ́wọ́ wọn kí o tó kọ ọ́.
2. Kí ló dé tí a kò fi gbọ́dọ̀ lo orúkọ gẹ́gẹ́ bí id?
3. Ìlà wo ni ẹbí tìrẹ nílò tí kò sí nínú tèmi? Kọ ìdáhùn rẹ sórí bébà, kí o fi sínú àpótí Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn. Má kọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sí i o.