Abẹ́rẹ́ Ṣáínà fún Ẹsẹ̀ Tó Ń Ta: Bí Ẹ Ṣe Lè Lò Ó Pẹ̀lú Ìtọ́jú Dókítà

Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ń jó yín lóru bí ẹni tó tẹ ẹyín iná, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń ta ṣáá, tàbí tí sílípáàsì bọ́ lẹ́sẹ̀ yín tí ẹ kò mọ̀, ó ṣeé ṣe kí iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ yín ti ní ìpalára. Àtọ̀gbẹ, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ló sábà máa ń fà á jù. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, yóò ba iṣan náà jẹ́, yóò sì ba òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó ń bọ́ ọ jẹ́. Iṣan tó gùn jù ló ń kọ́kọ́ fara gbá a. Ìdí nìyí tó fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìka ẹsẹ̀ méjèèjì, tí á máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tó ti lo oògùn títí ló ń béèrè bóyá akupọ́ńṣọ̀, ìyẹn ìtọ́jú abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, lè bá wọn dá a lẹ́kun. Àwọn kan máa ń rí ìtura níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùṣèwádìí Cochrane kó ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ ní 2017, wọ́n ní ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì tó láti fọwọ́ sọ̀yà fún ìrora iṣan. Àfikún ni kí ẹ kà á sí, kì í ṣe arọ́pò oògùn. Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó fà á

Ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó wá ẹni tí yóò gún yín lábẹ́rẹ́. Ẹ ní kí dókítà yẹ ṣúgà yín wò láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun, kó sì ṣe àyẹ̀wò HbA1c, tó ń fi hàn bí ṣúgà ṣe rí láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Kó wo fítámì B12, kíndìnrín, táírọ́ọ̀dù àti HIV pẹ̀lú.

Ẹ ka gbogbo oògùn yín fún un. Metformin tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò lè dín B12 kù bó bá pẹ́. Isoniazid tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife máa ń dín B6 kù, àìtó fítámì méjèèjì sì lè ba iṣan jẹ́. Oògùn jẹjẹrẹ bíi paclitaxel àti oxaliplatin náà ń ba iṣan jẹ́. Bí ẹ bá ń mu ọtí, ẹ má fi pamọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń jẹ pẹ̀lú: láti àwọn ọdún 1960 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ti so irú àìsàn iṣan kan mọ́ jíjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa lójoojúmọ́, nítorí sáyánáìdì inú rẹ̀.

Bí àìlera bá ń gòkè kíákíá láti ẹsẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, tàbí tí ẹ kò lè mú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ mọ́ra mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

2. Ẹ jẹ́ kí oògùn tó yẹ ṣáájú

Paracetamol àti ibuprofen kì í sábà ran ìrora iṣan, ibuprofen sì lè ṣe kíndìnrín alátọ̀gbẹ níjàǹbá. Àwọn tí dókítà sábà máa ń kọ ni amitriptyline, duloxetine, pregabalin àti gabapentin. Amitriptyline máa ń múni sùn, ó sì ń mú ẹnu gbẹ. Àgbàlagbà, ẹni tó ní àìsàn ọkàn àti ọkùnrin tí ìtọ̀ kì í yá gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó mu ún. Ẹ má ṣe dá èyíkéyìí nínú wọn dúró lójijì.

Ẹ ṣọ́ra fún fítámì tí ẹ ń dá rà. B6 tó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́ máa ń ba iṣan jẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún dókítà.

3. Ẹ yan ẹni tí yóò gún yín

Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ MDCN tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ló ń forúkọ àwọn tó ń ṣe akupọ́ńṣọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé hàn yín. Ní Bìrìtéènì, kò sí ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ bíi ti dókítà, nítorí náà ẹ béèrè bóyá ẹni náà wà nínú British Acupuncture Council. Ní Amẹ́ríkà, ẹ wo ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ yín. Láti 2020 ni Medicare, ètò adójútòfò ìlera ìjọba níbẹ̀, ti ń sanwó akupọ́ńṣọ̀, ṣùgbọ́n fún ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́ nìkan ni. Ti ẹsẹ̀ títa, láti àpò yín ni. Ẹ béèrè iye owó kí ẹ tó jókòó.

Abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n tú nínú ọ̀rá lójú yín ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì sọ ọ́ nù lẹ́yìn rẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí gbẹ́rẹ́. Abẹ tí wọ́n bá fi sín ẹlòmíràn lè gbé HIV àti àrùn mẹ́dọ̀wú B wọ ara yín, ojú gbẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀ alátọ̀gbẹ sì lè di egbò tí kì í jinná.

Ẹ sọ fún un bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bí ẹ bá lóyún, tàbí bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń tọ́ ìlù ọkàn, nítorí àwọn kan máa ń so iná mọ́ abẹ́rẹ́. Ẹ má jẹ́ kó gún ibi tó ní egbò, tó wú tàbí tó pọ́n.

4. Lọ́jọ́ ìtọ́jú

Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, kí ṣúgà má baà já wálẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín, kò sí oògùn nínú rẹ̀. Ẹ ó dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ojúgun àti ọwọ́ náà sì lè gba abẹ́rẹ́. Ó lè wúwo díẹ̀ lára tàbí kó ta pín-ín. Bó bá dunni gan-an, ẹ sọ̀rọ̀ kíá. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ewé tó ń jó tàbí ohun gbígbóná sún mọ́ ẹsẹ̀ tó ti kú, ẹ kọ̀. Bí èémí bá ń há yín lẹ́yìn tí wọ́n gún àyà tàbí ẹ̀yìn, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

5. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Láàárọ̀ lójoojúmọ́, ẹ fún ìrora náà ní nọ́ńbà láti 0 dé 10, kí ẹ sì kọ bí ẹ ṣe sùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Bí ó bá wálẹ̀ láti 7 sí 5, ó ṣeé ṣe kó ti máa ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti lọ ní ìgbà mẹ́jọ tí kò yí padà, ẹ ṣíwọ́ níná owó náà.

6. Ìtọ́jú ẹsẹ̀ nílé

Ẹ yẹ ẹsẹ̀ wò lálaalẹ́, kí ẹ fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ ni kí ẹ fi mọ bí omi ṣe gbóná tó, ẹ má fi ẹsẹ̀ dán an wò. Ẹ má fi ẹsẹ̀ yáná, ẹ má rìn láìwọ bàtà, ẹ má sì fi abẹ gé awọ tó ti le lẹ́sẹ̀. Ẹ máa rìn déédéé, kí ẹ sì jáwọ́ nínú sìgá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí pé abẹ́rẹ́ mú ara tù yín kí ẹ pa oògùn ṣúgà tì. Ìrora lè lọ kí ìpalára ṣì máa tẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ tí kò dunni mọ́ sì lè jẹ́ ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé ẹ ń gba abẹ́rẹ́, kí ẹni tó ń gún yín sì mọ oògùn tí dókítà kọ.