Ẹja Àlejò Kì Í Wọ Yàrá Lọ́jọ́ Tó Dé

Ẹ̀gbẹ̀, Ìpínlẹ̀ Kogí

Dáre ọmọ mi,

Òjò ti kásẹ̀ ńlẹ̀, ọyẹ́ ti ń yọjú láàárọ̀, àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ nílùú yìí sì ti ń fi ìka ka ọjọ́ Kérésì, torí ìgbà náà lowó wọn ń wọlé.

Mo rí fọ́tò dígí ńlá tó o gbé sí pálọ̀ rẹ ní Houston, àtàwọn ẹja òkun aláwọ̀ ọsàn méjì tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n lẹ́wà, mi ò ní parọ́. O ní o fẹ́ ra mẹ́rin sí i, pé àwọn kan ní kó o fi oògùn wẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó wọlé, àwọn mìíràn sì ní ta ní ń fún ẹni tí ara rẹ̀ le lóògùn. O wá bi èmi tí mo lo ayé mi nídìí kántà oògùn nílé ìwòsàn ECWA níbí, tí mo sì ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí èèyàn ń sọ lórí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo rí orúkọ oògùn tí wọ́n tà fún ẹ. Chloroquine! Èyí tí àwa gbé mì níbí títí ara fi ń yún wa bí ẹni tó fara kan wèrèpè. Ọdún 2005 ni ìjọba àpapọ̀ yọ ọ́ kúrò nípò oògùn àkọ́kọ́ fún ibà, nítorí pé kòkòrò ibà ti mọ̀ ọ́n, kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Gbogbo ilé ló ní in nínú dúrọ́ọ̀ nígbà yẹn. Orí ń fọ́ni, a lò ó. Ó kàn ń rẹni, a lò ó. Ẹni tó lo méjì péré tí ara yá ń tọ́jú èyí tó kù dọjọ́ mìíràn. Fi èyí sọ́kàn bó o ṣe ń ka lẹ́tà yìí lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe kò ṣòro sọ. Gbogbo ẹja tuntun gbọ́dọ̀ ní omi tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sí ẹja tó lẹ́wà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn tó ń pa afòmọ́, fún wọn, kódà bí o kò bá rí nǹkan kan lára wọn. Oògùn bakitéríà, má fún wọn láìrí àìsàn.

Ní ti omi ọ̀tọ̀, jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọkùnrin kan lápá ọ̀nà Ìsánlú ra ọmọ ẹja àrọ̀ láti Ìlọrin. Wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì gbé wọn gba Ọ̀mù-Àrán, gba Èrúkù, ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó débí. Kò kúkú dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti àtijọ́, pọ́ńdù tiwọn wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀n kan náà ló fi ń kó òkú níbí tó tún fi ń kó ìdọ̀tí lọ́hùn-ún, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń rì bọ méjèèjì. Nígbà tó ránṣẹ́ pè mí, àwọn ẹja àtijọ́ tó ti tó tà ti ń dúró ṣánṣán nínú omi, orí sókè, ìrù nílẹ̀. Mo gbé ọ̀kan lọ́wọ́, mo yí i sójú oòrùn: èfun wẹ́wẹ́ ti kún irùngbọ̀n rẹ̀ àti abẹ́ àgbọ̀n, ara rẹ̀ ń yọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé o mọ ohun tó ti ń dà sómi kó tó pè mí? Kápúsù tẹtirasáíkílìn, pupa òun yẹ́lò, tó ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèpo wọn ṣì léfòó lójú omi. Oògùn bakitéríà kò sì lè pa kòkòrò tó ń fi èfun yẹn sára ẹja.

Kòkòrò tó ń fi irú èfun bẹ́ẹ̀ sára ẹja inú omi òkun kì í ṣe ẹbí tiwa yìí gan-an, àmọ́ ìṣe wọn jọra. Cryptocaryon ni wọ́n ń pè é. Kì í gbé ojú ara ẹja, abẹ́ awọ àti ibi tí ẹja fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ló ń wọ̀. Ó ń jẹun níbẹ̀ fún ọjọ́ 3 sí 7, lẹ́yìn náà ó já bọ́ sílẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ yanrìn tàbí òkúta, ó fi èèpo líle bo ara rẹ̀, ó sì ń pín ara rẹ̀ nínú ibẹ̀ títí yóò fi di ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ. Ìgbà tí àwọn ọmọ náà bá tú jáde, wọ́n á máa wẹ̀ kiri wá ẹja. Bí wọn ò bá rí i láàárín ọjọ́ kan sí méjì, wọ́n kú. Oògùn tó o dà sómi kò lè bá a lábẹ́ awọ, kò sì lè wọ inú èèpo. Ìgbà tí wọ́n ń wẹ̀ kiri nìkan lọwọ́ ń tẹ̀ wọ́n. Nítorí náà, bí èfun bá parẹ́ lára ẹja rẹ lọ́jọ́ kẹrin, má tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ oògùn. Ó lọ bímọ ni.

Ibẹ̀ ni iye ọjọ́ ti wá. Èèpo mìíràn ń tú láàárín ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí èyí tó pẹ́ tó ọjọ́ 72. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń fi dígí tí àrùn ti wọ̀ sílẹ̀ láìsí ẹja kankan níbẹ̀ fún ọjọ́ 76. Rò ó wò: oṣù méjì àbọ̀ tí wàá fi máa wo omi òfìfo ní pálọ̀ nítorí pé o kò lè fi oṣù kan mú sùúrù níbẹ̀rẹ̀.

Wàá bi mí pé, ṣé kí n kàn yà wọ́n sọ́tọ̀, kí n máa wò wọ́n láìfún wọn lóògùn? Èmi gan-an, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe fún ẹja àrọ̀ mi. Mo mọ ẹni tó mú wọn jáde látinú ẹyin, mo mọ omi tí wọ́n ti wá. Iyọ̀ nìkan ni mò ń fún wọn, gíráàmù 3 sínú lítà omi kan, mo sì ń wò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì, pàápàá lásìkò ọyẹ́ yìí tí omi ń tutù lóru. Tìrẹ yàtọ̀. Púpọ̀ ẹja òkun tí wọ́n ń tà fún ọ̀ṣọ́ ni wọ́n mú láàyè nínú òkun, Indonéṣíà àti Fílípínì ló pọ̀ jù. Kí ọ̀kan tó dé Houston, ó ti gba ọwọ́ apẹja, ọwọ́ alágbàtà, ọwọ́ ẹni tó kó o sọ́kọ̀ òfuurufú, ọwọ́ ẹni tó gbà á, ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù, níbi gbogbo ni wọ́n sì ti ń dà á pọ̀ mọ́ ti ibòmíràn. Ta ló mọ ẹni tó fara kàn lọ́nà?

Ohun kan tún wà tó fi jẹ́ pé ojú lásán kò tó. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn máa ń fi bàbà (copper) díẹ̀ sínú omi wọn ní gbogbo ìgbà. Kò pọ̀ tó láti pa kòkòrò náà tán, ó kàn tó láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí wọ́n á fi rẹ́ni rà á. Ẹja á mọ́ lára rekete. O gbé e délé, kò sí bàbà níbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kejì ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Èyí ló mú kí n gbà fún àwọn tó ní kó o lo oògùn láìrí àrùn.

Bàbà náà ni wọ́n sábà ń lò. Ṣọ́ ọ gan-an. Bó bá dín, kòkòrò kò kú. Bó bá lé díẹ̀, ẹja lọ. Irú méjì ló wà, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn ti ń fọwọ́ ara wọn pa ẹja. Èyí tó jẹ́ bàbà gan-an láìsí ohun tó dì í, 0.15 sí 0.20 míligíráàmù nínú lítà kan ni ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fi nǹkan mìíràn dì kó má tètè ṣòfò lè gba ohun tó fi ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ ju ìyẹn. Ẹni tó ka ìwọ̀n tẹ̀yìn lára ìgò kan tó wá fi wọ̀n ti àkọ́kọ́, òkú ló máa kó láàárọ̀. Ra ohun ìwọ̀n tó bá irú tìrẹ mu, kó o máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Jẹ́ kí ẹja kọ́kọ́ jẹun dáadáa kó o tó bẹ̀rẹ̀, sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi dé ojú ìwọ̀n. Látìgbà tó bá débẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko. Bó bá já wá sílẹ̀ lọ́jọ́ kejìlá, padà sí ọjọ́ kìn-ín-ní.

Má ṣe da bàbà sí dígí pálọ̀ láé. Ó ń pa edé, ó ń pa ìgbín, ó ń pa iyùn alààyè, òkúta àti yanrìn á sì fà á mu débi pé o kò ní mọ iye tó ṣẹ́ kù mọ́. Táńkì ìyàsọ́tọ̀ kò gbọ́dọ̀ ní yanrìn. Gé páìpù omi oníke sí i, kí ẹja rí ibi sá pamọ́ sí. Chloroquine tó o rà ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Yan ọ̀kan, má da méjèèjì pọ̀.

Praziquantel náà wà lára oògùn tó o kọ orúkọ wọn sí mi. Èyí tí àwọn elétò ìlera ń pín fún ọmọ iléèwé nítorí àtọ̀sí ajá nìyẹn. Aràn pẹlẹbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ara ẹja ló wà fún. Kì í pa ẹyin wọn, nítorí náà lò ó lẹ́ẹ̀kan, kó o tún un lò lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ó ku tẹtirasáíkílìn àtàwọn ẹbí rẹ̀. Wọ́n á sọ fún ẹ pé kó o dà á sí i “kó má baà dé.” Má gbà. Bàbà àti praziquantel ní ọ̀tá tí a mọ orúkọ rẹ̀, tí a mọ iye ọjọ́ rẹ̀, tí a sì lè pa tán. Bakitéríà wà nínú omi gbogbo, o kò lè pa wọ́n tán. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni yóò mọ oògùn náà, gẹ́gẹ́ bí kòkòrò ibà ṣe mọ chloroquine. Ọjọ́ tí ojú ẹja bá wú ní tòótọ́, tí lẹbẹ rẹ̀ ń jẹrà, kí lo máa wá fún un? Oògùn náà tún lè pa bakitéríà tó dára, èyí tó ń jẹ ìdọ̀tí ẹja nínú fílítà, amóníà á wá gorí omi. Táńkì tuntun kì í ní bakitéríà bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí náà, ti kànrìnkàn kan bọ inú fílítà dígí ńlá rẹ nísinsìnyí, kó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó o tó gbé e lọ sí ti àwọn àlejò. Bí amóníà bá yọ, omi ni kó o pààrọ̀. Ohun tí wọ́n ń tà láti fi pa oró amóníà, àwọn kan ń ba bàbà jẹ́.

Àìsàn mìíràn sì wà tí oògùn kankan kò ràn. Ní ìparí 2018, àwọn tó ń sin ẹpìyà nínú àgò lójú Adágún Volta ní Gánà ń kó òkú ẹja ju ìdajì ohun tí wọ́n ń sìn lọ. Fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní ISKNV ni àwọn onímọ̀ rí níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ mọ́ ẹja ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń tà kiri ayé. Wọn kò tíì bá a pàdé lára ẹpìyà tí wọ́n ń sìn nílẹ̀ Áfíríkà ṣáájú ìgbà náà. Fún irú èyí, táńkì tó wà lọ́tọ̀ nìkan lèèyàn ní.

Gbé táńkì náà sí yàrá mìíràn, má fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí ńlá. Afòmọ́ kan wà tó le ju oní èfun lọ, Amyloodinium, tí wọ́n ti dán wò pé ìkán omi lè gbé e nínú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́, dé bíi mítà 3. Àwọ̀n tirẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, aṣọ ìnuwọ́ tirẹ̀. Ti ilé ni kó o kọ́kọ́ fún lóúnjẹ láàárọ̀, kó o tó lọ sọ́dọ̀ àlejò, kì í ṣe kó o ti ibẹ̀ bọ̀.

Kó o tó da oògùn kankan sómi, pè mí lórí fídíò kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Agogo mẹ́jọ alẹ́ wa ló dára jù, torí iná sábà ń wà nígbà yẹn. Bàbá rẹ kí ẹ. Ó ní ẹja tí wọn kì í jẹ, kí ló wà fún? Mo ní kó bi ẹ́ fúnra rẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ l’Ẹ́gbẹ̀