Kọ̀ǹpútà Tuntun Dé: Ètò Wo La Ó Fi Sí I?

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí kọ̀ǹpútà, nítorí àwọn kan nínú wa ní Ilo-Awela àti Sàngó ti ń rà á sí ṣọ́ọ̀bù láti fi kọ ọjà, gbèsè àti àjọ sílẹ̀.

Kọ̀ǹpútà lásán dà bí ìkòkò tí kò sí ọbẹ̀ nínú rẹ̀. Ètò tí a fi sínú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Òun ni àwọn ọmọ wa ń pè ní software. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún yín á bi yín pé, "Mummy, ṣé kí n fi Office sí i?" Kí ẹ tó dáhùn, ẹ ka èyí ná.

1. Ẹ mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe.
Ká ní èèyàn 24 ló ń dá àjọ, ₦2,000 lọ́sẹ̀. Ẹ kọ orúkọ wọn sí ọwọ́ òsì, kí ẹ kọ iye tí kálukú dá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láti ìlà 2 dé ìlà 25. Bí ẹ bá tẹ =SUM(B2:B25) sí ìsàlẹ̀, ₦48,000 ló yẹ kó jáde. Bó bá jẹ́ ₦46,000 ló jáde, ẹnì kan ò tíì dá nìyẹn. Kò sí pé à ń fura sí olórí àjọ. Irú ìṣirò yìí, lẹ́tà sí báńkì, àti rìsíìtì: ohun tí ọ̀pọ̀ wa nílò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

2. Ẹ mọ oríṣi tó wà.
Microsoft: òun ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń lò, owó la sì fi ń rà á. Microsoft 365 dà bí ṣọ́ọ̀bù tí a háyà: ẹ ó máa sanwó lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. Bí ẹ ò bá san án mọ́, ẹ lè ka ìwé yín, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè fi nǹkan kún un. Office 2024 ní tiẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan là ń sanwó rẹ̀, fún kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo.

LibreOffice: ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó ní, "Ta ní ń fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ láyé yìí?" Ó ní ìtàn. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1985, StarWriter ló ń jẹ́ nígbà náà, kó tó di StarOffice. Iléeṣẹ́ Sun ti Amẹ́ríkà rà á ní 1999, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2000. Láti 2010 ló ti ń jẹ́ LibreOffice, ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè ló ń mójú tó o. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó fi dátà gbé e wọlé. Lẹ́yìn náà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń ṣí ìwé Word àti Excel, bí ìlà tilẹ̀ lè yẹ̀ díẹ̀.

Google Sheets: ọ̀fẹ́ lòun náà. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà lọ, ìwé yín ò bá a lọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ dátà.

3. Ẹ sá fún "crack".
Bí ẹnì kan bá ní òun á fi Office sí i fún yín ní owó táṣẹ́rẹ́, ẹ bi í pé ìwé àṣẹ rẹ̀ dà? Òfin lòdì sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á kọ́kọ́ pa ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà kó tó lè wọlé. Ta ló ń lé ọdẹ ọjà lọ kí àlejò òru tó dé? Kòkòrò kan lè bá a wọlé, kó ti gbogbo ìwé yín pa, kí àwọn tó rán an wá ní kí ẹ wá fowó rà á padà. Àkọsílẹ̀ àjọ èèyàn 24 lọ nìyẹn. Kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn?

4. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà.
Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ da ìwé yín sórí flash, kí ẹ sì gbé e síbòmíràn. Ẹ má tíì ju ìwé olójú ewé nù o.

Ìmọ̀ràn wa: ẹ fi LibreOffice bẹ̀rẹ̀. Bí iléeṣẹ́ tí ẹ ń kó ọjà fún ní Ọ̀tà bá ní Excel lòun fẹ́, ẹ tẹ Save As, kí ẹ mú Excel níbẹ̀. Bí ìyẹn ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ìgbà náà lẹ tó wá sanwó fún Microsoft.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ kọ owó tó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún fọwọ́ ṣírò rẹ̀. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, ẹ mú un wá sí ìpàdé, ká jọ wò ó.