Ẹgbẹ́ Wa Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gòkè, Báwo La Ò Ṣe Ní Já Wálẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa ló gba ipò kìíní, a sì ti gòkè sí ìpele tó kàn. Ìgbìmọ̀ wa ti pín sí méjì báyìí. Àwọn kan ní ká lé akọ́nimọ̀ọ́gbá àti ìdajì àwọn ọmọ náà lọ, ká lọ mú àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù l'Ékòó wá. Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ wa, tọkàntọkàn ni wọ́n sì fi gbá a. Kí lẹ rí sí i?
Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìlaròó

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ kú oríire. Ẹ má lé ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ìpínlẹ̀ wa náà ni wọ́n wà. Wọ́n gòkè sí líìgì àgbà Nàìjíríà ní sáà 2017, sáà yẹn náà ni wọ́n já wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún gòkè ní 2021, ipò kẹta ni wọ́n gbà. Ipò kejì ló tẹ̀ lé e, lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó gba ife ní oṣù kẹrin 2025. Lóòótọ́, Kunle Soname tó ni wọ́n lówó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń tọ́ ọmọ láti kékeré nínú ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù wọn tó ń jẹ́ Beyond Limits, Daniel Ogunmodede tó sì kó wọn gba ife náà ti pẹ́ nínú ilé wọn kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Owó nìkan kì í gbani. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Luton, Burnley àti Sheffield United gòkè ní 2023, gbogbo wọn ló já ní 2024. Leicester, Ipswich àti Southampton náà gòkè, wọ́n já ní 2025. Góòlù 104 ni wọ́n gbá wọlé Sheffield United ní sáà kan ṣoṣo tí wọ́n fi já! Nottingham Forest ra ju ogún agbábọ́ọ̀lù lọ ní 2022, wọn ò sì já, àmọ́ àpò tiwọn kọ́ ni tiyín.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ tún ṣe. Ẹni tuntun méjì ti tó: aṣọ́lé tó máa ń pariwo mọ́ àwọn tó wà níwájú rẹ̀, àti adènà kan tó ti gbá ní ìpele yẹn rí. Lọ́jọ́ ìdánrawò, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan máa gbá kọ́nà wọlé léraléra, kí olúkúlùkù mọ ẹni tí òun máa dì mú, ẹni tó máa dúró ti òpó, àti ẹni tó máa sáré pàdé bọ́ọ̀lù tó bá ta padà. Ìgbà tó bá ti rẹ̀ wọ́n ni kẹ́ ẹ ṣe é, torí ogún ìṣẹ́jú ìkẹyìn ni ẹsẹ̀ máa ń wúwo.

Ẹ tètè béèrè ọjọ́ ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, kẹ́ ẹ mọ ọ̀sẹ̀ tí ẹ ò ní rí wọn. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi mú ọmọ Èkó wá, ẹ fi san owó mọ́tò, ẹ fi se oúnjẹ. Ọmọ tí ebi ń pa láti Ìlaròó dé Ìjẹ̀bú-Òde kò lè sáré.

Ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ pé bí ẹ ò bá ti já, ẹ ti ṣe dáadáa lọ́dún yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá yín ní odidi sáà kan.