Láti Ore dé Ọ̀báléńdé: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣàbẹ̀wò sí St. Gregory's College

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Omifúnfun tàbí Odìgbó, Ore ni kó ti wọ mọ́tò Èkó, kó sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀jọ́ta, kó wá wọ bọ́ọ̀sì Ọ̀báléńdé tó ń gba orí afárá Third Mainland. Ẹ jí lọ o. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó kì í mọ àlejò.

Ọ̀báléńdé, lẹ́bàá Ìkòyí, ni St. Gregory's College, ilé-ìwé àwọn ọkùnrin, wà. Ìjọ Àgùdà ló dá a sílẹ̀ ní 1928, tí wọ́n fi orúkọ Póòpù Gregory Ńlá pè é. Holy Child College tàwọn obìnrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, kò jìnnà síbẹ̀.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ má sì ya fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ. Tí ẹ bá mọ Gregorian kan, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ àtijọ́, òun ni kó mú yín wọlé. Ẹ bi í bí ìjọba ṣe gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tí ìjọba Bọ́lá Tinúbú, gómìnà Èkó nígbà náà, sì dá a padà ní 2001. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í tán bọ̀rọ̀: ẹnì kan á ní ìlànà ti padà, ẹlòmíràn á béèrè ibi tí ọmọ tálákà yóò ti rí owó ilé-ìwé san.

Ní tèmi, torí tísà kan ni mo ṣe ń rán èèyàn lọ síbẹ̀. Bruce Onobrakpeya, ayàwòrán, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ ọnà láti 1963 di 1980, àkókò yẹn gan-an lòkìkí rẹ̀ sì kàn. Àwa ará Oǹdó náà ní ìpín níbẹ̀: ó ti kọ́ni ní Ondo Boys' High School kó tó lọ kàwé sí i ní Zaria. Victor Uwaifo tó kọrin “Joromi” náà jókòó ní kíláàsì St. Gregory's; òun náà sì di agbẹ́gilére.

Torí náà, ẹ má ṣe parí ìrìn yín sí géètì. Ẹ ya ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, níbi tí Onobrakpeya ti ya Ọ̀nà Àgbélébùú. Ẹ ṣí fìlà, ẹ pa fóònù, ẹ má sì máa rìn kiri tí Máàsì bá ń lọ lọ́wọ́.

Ẹni tí sùyà Ọ̀báléńdé bá ń wù, kó wá ibi sùn sí Èkó. Alẹ́ ló máa ń dùn jù, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó gba ọ̀nà Ore lóru.